Ọmọ Olókùúta Méjì

Ọjọ́ tí Ṣèyílọ́lá Olúdélé kọ́kọ́ rí Dúrósinmí, ẹ̀rù ló kún inú rẹ̀, kò sí àyè fún ìfẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló jókòó síwájú rẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nítòsí Jakande ní Ìlasán, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Pátákó kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń kọ̀wé sí lórí ayélujára. Ohun tí ọmọ kan bá kọ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni yóò hàn lára ògiri iwájú, níbi tí gbogbo kíláàsì ti lè kà á, àwọn òbí pàápàá sì lè rí i láti ilé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti kìlọ̀ pé olùkọ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n lò kí sáà tó parí, kí ó máa wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Òwe ni Ṣèyílọ́lá ní kí wọ́n kọ. Òwe mẹ́ta péré ló hàn. Lẹ́yìn náà ni àwòrán ewúrẹ́ kan yọ, tí ó wọ awò ojú. Ẹnìkan pa òwe ẹlòmíràn rẹ́. Gbólóhùn kan tí kò ní orúkọ sì jókòó gbàgàdà sáàárín pátákó: "Yorùbá ti sú mi o."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣèyílọ́lá dúró láìmira. Obìnrin tí ó gba oyè kejì lórí èdè Yorùbá ni, obìnrin tí kì í sáré rìn, tí kì í gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò tẹ̀ tí ewúrẹ́ náà yóò fi kúrò.

"Ẹ dákun, mà," ohùn ọkùnrin kan wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un."

Dúrósinmí Akínbọ̀dé nìyẹn, ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà láti kọ́ wọn ní ìlò pátákó náà. Ó tẹ ibi méjì péré, gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́.

"Láti ìsinsìnyí," ó wí fún àwọn ọmọ náà, "orúkọ ẹni tó bá kọ̀wé yóò máa hàn. Ohun tí ẹ bá sì kọ, ọwọ́ Àǹtí ni yóò kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ìgbà náà ni ayé yóò rí i. Ẹni tó kọ ọ́ tàbí Àǹtí nìkan ló lè pa á rẹ́."

Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Tolúwani nawọ́. "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé ènìyàn ti kọ nǹkan tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Irú nǹkan wo?"

"Bíi pé nǹkan kan sú ènìyàn."

"Kí ènìyàn náà yáa pa á rẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tó jáde."

Ṣèyílọ́lá gan-an rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi línkì ránṣẹ́ sí àwọn òbí, bí a ṣe ń pín pátákó ní òpó ní òpó kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè mọ àyè tirẹ̀, bí a ṣe ń gba ọmọ tí ojú ń tì láyè láti fi ohùn sọ ohun tí kò lè kọ. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ọmọ tí kò tètè mọ̀ ọ́n ṣe, yóò máa fi sùúrù tọ́ ọ títí yóò fi bọ́ sí i. Sùúrù yẹn ni Ṣèyílọ́lá kọ́kọ́ fẹ́ràn, kí ó tó fẹ́ràn ẹni tó ni ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n gbà á fún. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, ó ṣì ń yà.

"Ó dà bíi pé pátákó yín ń ṣàìsàn," ni yóò wí.

"Ara rẹ̀ le koko."

"Mo ní kí n ṣáà wá yẹ̀ ẹ́ wò."

"Dókítà tí aláìsàn kò ránṣẹ́ pè."

"Ṣé kí n padà ni?"

"Ẹ jókòó," Ṣèyílọ́lá yóò dáhùn, yóò sì fi àga hàn án láìgbójú sókè.

Ní oṣù karùn-ún, bí wọ́n ti dúró létí ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń retí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó sọ ọ́ jáde láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. "Ṣèyí, ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣaya." Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ariwo rẹ̀ sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

"Tún un sọ," Ṣèyílọ́lá wí.

"O ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Tún un sọ."

Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ọkùnrin méjì ti wọ ilé bàbá rẹ̀ rí tí wọn kò padà wá. Àṣàkẹ́ ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bi í léèrè mọ́, àìbéèrè yẹn sì wúwo ju ìbéèrè lọ. Bàbá rẹ̀, Ẹnjiníà Olúdélé, ti fẹ̀yìn tì, VGC, àdúgbò olówó tí géètì àti ẹ̀ṣọ́ yí ká, ni wọ́n ń gbé. Bíríkìlà ni bàbá Dúrósinmí, ilé onílé ni ó sì ń mọ ní Lakowe títí di òní. Ṣèyílọ́lá rò pé géètì VGC ni yóò dí wọn lọ́nà. Kò mọ̀ pé ohun tí ń bọ̀ kò bá ọ̀nà géètì wá.

Wọ́n dá Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, kí Dúrósinmí wá fi ojú hàn.

Ní sáà kẹta ọdún náà ni Ṣèyílọ́lá fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ kan: kí olúkúlùkù lọ bi àwọn àgbà ilé léèrè oríkì orílẹ̀ rẹ̀ àti èèwọ̀ ìdílé rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí òpó tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n lè rí àpẹẹrẹ. Bí ìyá bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, nítorí ìran mẹ́ta ni wọ́n ti lò ní Èkó, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó sì tíì dé agboolé Olókùúta lẹ́sẹ̀ àpáta lọ́hùn-ún ní Ìbàràpá:

"Ọmọ Olókùúta, a-fàpáta-ṣe-ìrọ̀rí,
Òjò pa òkúta, kò rin ín dénú,
Ọmọ a-dúró-lókè-wo-ẹni-tí-ń-bọ̀-lọ́nà.
Èèwọ̀ wa: a kì í jókòó lórí ọlọ."

"Èmi náà yóò kọ tèmi," Dúrósinmí wí, "kí àwọn ọmọ má baà rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sidé, Ṣèyílọ́lá jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, ó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Bùsàrí kọ tirẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe mẹ́rin. Suliat fi ohùn ìyá àgbà rẹ̀ sí i, ìyá náà ń wúkọ́ láàárín ìlà kejì. Ó fi ẹ̀rín músẹ́ gba gbogbo wọn wọlé. Èyí tó kù ni ti Dúrósinmí.

"Èyí ni bàbá mi fi ń kì mí láti kékeré," ni ó kọ sókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ọmọ Olókùúta, a-fàpáta-ṣe-ìrọ̀rí."

Ẹ̀rín náà gan mọ́ Ṣèyílọ́lá lẹ́nu. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ìlà kan tó yàtọ̀. Èèwọ̀ wọn sì nìyẹn ní ìparí: a kì í jókòó lórí ọlọ.

Ìlà kan lè jọra nínú oríkì ìdílé méjì. Ṣùgbọ́n orúkọ agboolé kan, oríkì kan, èèwọ̀ kan? Ọmọ baba kan náà nìyẹn, bó ti wù kí ìran jìnnà tó. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kì í sì í fẹ́ra.

Bọ́tìnnì méjì ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà: ọ̀kan láti gbà á wọlé, ọ̀kan láti kọ̀ ọ́. Kò tẹ ìkankan. Ó pa ẹ̀rọ náà dé, ó sì jókòó títí aago ìdágbére fi lù.

Ní ọjọ́ kejì, Suliat ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. "Mà, ẹ ti gba gbogbo wa wọlé, ó ku ti Ọ̀gá Dúró. Ṣé wọ́n fìdí rẹmi ni?"

"Wọn kò fìdí rẹmi."

"Àbí ẹ ń bínú sí wọn ni, mà?" Bùsàrí béèrè, àwọn yòókù sì ń fi ìgbúnwọ́ tọ́ ara wọn.

"Ẹ ṣí ìwé yín," Ṣèyílọ́lá wí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Dúrósinmí fúnra rẹ̀ wá. "Olólùfẹ́ mi, kí ni mo kọ tí kò dára?"

Ṣèyílọ́lá yí ojú ẹ̀rọ náà sí i, ó gbé oríkì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń kà á, ó sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bà á.

"Ìsẹ́yìn lo sọ fún mi pé ìlú yín ni," Ṣèyílọ́lá wí.

"Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ó máa ń sọ pé ibẹ̀ kọ́ ni a ti ṣẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ṣèyí, kọ̀ ọ́. Pa á rẹ́. Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi."

"Ṣèyí mi."

"Bí mo bá bímọ fún ọ, Dúró, tí ara ọmọ náà gbóná lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ni èmi yóò máa rò?"

Ṣèyílọ́lá tẹ bọ́tìnnì tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, oríkì náà sì bọ́ sójú ayé. Kò pẹ́ tí Tolúwani fi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ láti ilé: "Mà, àṣé ẹbí ni yín." Ó ya ọkàn pupa sí i.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Ẹnjiníà Olúdélé máa ń ṣí pátákó ọmọ rẹ̀ ka. Nígbà tí Ṣèyílọ́lá wọlé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, awò rẹ̀ wà lórí imú.

"Ta ni Dúrósinmí Akínbọ̀dé yìí?"

"Òun ni ẹni tí mo fẹ́ mú wá ní Sátidé, sà."

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀. "Sátidé kankan kò sí mọ́, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín."

Àṣàkẹ́ tó ń to abọ́ sórí tábìlì dáwọ́ dúró. Ó wọ kíṣìnì lọ.

"Ohun kan ṣoṣo ló ń rú mi lójú," Ẹnjiníà fi kún un. "Mo mọ gbogbo ojúlé tó wà nínú agboolé wa. N kò gbọ́ Akínbọ̀dé rí. Bí bàbá rẹ̀ bá lè wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ṣe jẹ́ ọmọ Olókùúta, n ó gbọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yára fi ara yín sílẹ̀."

Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n lọ sí Lakowe. Orí òkìtì búlọ́ọ̀kù ni wọ́n bá Bàbá Akínbọ̀dé, níwájú ilé tí kò tíì ní òrùlé. Àádọ́rin ọdún ni, ìka rẹ̀ sì ti le bí èèpo igi nítorí símẹ́ǹtì. Ó fi ẹ̀rín kí Ṣèyílọ́lá. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ẹ̀rín náà kúrò.

"Ta ló ní kí o gbé oríkì mi lọ sójú ọjà?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ìwúrí ni mo fi ṣe."

"Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ Olókùúta ni mí. Bàbá mi kì mí bẹ́ẹ̀, mo kì ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sà," Ṣèyílọ́lá wí lórí ìkúnlẹ̀, "a kò lè fẹ́ra."

Bàbá náà gbójú sí ọ̀nà pápá gọ́ọ̀fù tó wà lódì kejì, bí ẹni pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ máa lọ," ó wí níkẹyìn. "Òjò fẹ́ rọ̀."

Kò sí kùrukùru kan lójú ọ̀run.

"Ohun kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́," Ṣèyílọ́lá wí nínú ọkọ̀.

"Tàbí kí ó má sí nǹkan kan rárá," Dúrósinmí dáhùn, "kí ó jẹ́ òtítọ́ ni."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Sátidé tí wọ́n dá wà láàárín wọn, ó lọ bí ọjọ́ tí a kò dá. Dúrósinmí kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ṣèyílọ́lá ń kọ́ni, ó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti dún, á pa gbogbo rẹ̀ tì láti wò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà láti ọ̀dọ̀ Dúrósinmí ni ó ń rí níbẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ṣé o jẹun?"

"Díẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Díẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹwàá, ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì pè. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, wọ́n ní kò fẹ́ sọ iṣẹ́ tó bá wá, àfi pé Ẹnjiníà Olúdélé ni òun fẹ́ rí.

Bàbá Akínbọ̀dé wọlé nínú bùbá àti ṣòkòtò funfun tí a lọ̀ dáadáa. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó. Dúrósinmí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Adébáyọ̀ ni bàbá mi," bàbá náà bẹ̀rẹ̀. "Àṣàbí ni orúkọ ìyá rẹ̀. Opó ni, ẹ̀yìn ni ó sì fi pọ̀n bàbá mi wọ agboolé Olókùúta nígbà tí ó wá fẹ́ ọkọ kejì níbẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé. Wọ́n ń kì í bí wọ́n ṣe ń kì wọ́n, kò jókòó lórí ọlọ rí. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ ni wọ́n tó sọ fún un pé àpọ̀nwá ni. Ó kúrò nílùú lọ́jọ́ náà gan-an." Ó yíjú wo Dúrósinmí. "Ṣùgbọ́n kò mọ oríkì mìíràn. Ṣé kó máa kì mí ní ọmọ ẹni tí a kò mọ̀ ni?"

Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ti le sí wọn.

"Ilé tí mo ti mọ kò lóǹkà. N kò ní ọ̀kan. Oríkì yẹn nìkan ni mo jogún, ọmọ mi yìí kò sì mọ̀ títí di àná."

Ẹnjiníà Olúdélé tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè sọ ohunkóhun kí ọmọ rẹ̀ lè rí ẹni tó fẹ́ fẹ́."

"Ẹ pe ilé," bàbá náà wí.

Ẹnjiníà pe Bàbá Mọ́rúfù, àgbà jùlọ nínú agboolé náà, ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ṣí ohùn fóònù síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Kò sọ ìtàn kankan fún un. Ó kàn béèrè bóyá ó mọ Adébáyọ̀ kan.

"Ti Àṣàbí?" ohùn àgbà náà gbọ̀n. "Ọmọ tí wọ́n pọ̀n wá? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. A ṣẹ̀ ẹ́, Olúdélé. Kí ló dé tí o fi ń béèrè?"

"Ọmọ rẹ̀ wà níwájú mi, sà."

"Sọ fún un kó máa bọ̀ wálé," ohùn náà wí. "Kí n tó kú, kó wá jókòó láàárín wa, kí n pè é ní ọmọ ilé lójú gbogbo wọn. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kó wá kọ́lé sí i."

Ṣèyílọ́lá rí ojú bàbá náà. Ohun tí bàbá yìí àti bàbá tó bí i ti ń retí láti ọdún gbọọrọ ló dé yìí. Bí ó bá sì gbà á, ọmọ ilé ló dà, òun àti Dúrósinmí kò lè ju tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ. Àdúrà tó wá sí i lẹ́nu tì í lójú, nítorí pé ó ń bẹ Ọlọ́run kí bàbá arúgbó kan má gba ohun rere.

Bàbá Akínbọ̀dé súnmọ́ fóònù náà. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá mi fi etí sílẹ̀ fún títí tó fi kú." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Dúrósinmí. "Ṣùgbọ́n mo ti mú ọmọ mi dé ẹnu ọ̀nà yín. Bí mo bá wọlé bí ọmọ, kò ní lè wọlé bí ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ àna yín."

Ó yí sí Dúrósinmí. "Gbé fóònù rẹ wá. Níbo lẹ ní oríkì náà wà?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi pa á rẹ́."

"Ìwọ kọ́ lo ni ín. Èmi ni mo fi fún ọ."

Ṣèyílọ́lá kúnlẹ̀ tì í, ó ṣí pátákó náà fún un, ó fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. "Ibí yìí, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Símẹ́ǹtì ti mú kí ìka rẹ̀ le kọjá ohun tí gíláàsì lè mọ̀.

"Kò gbọ́," bàbá náà wí.

"Ẹ tún un tẹ̀, sà. Ẹ rọra."

Ó nu ìka náà mọ́ bùbá rẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìbéèrè kan yọ sójú fóònù.

"Kí ló wí?"

"Ó ń bi yín bóyá ó dá yín lójú, sà."

"Ó mọ ọ̀rọ̀ í bi," bàbá náà wí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Oríkì náà lọ. Òpó àwọn ọmọ tó kù sún mọ́ra wọn, wọ́n dí àyè náà.

Àṣàkẹ́ jáde láti kíṣìnì, ó gbé omi lórí abọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí," ó wí, "ẹ ò mọ ìṣirò. Ọmọ tí Ṣèyí bá bí, kí ni èmi yóò fi kì í ní ìdílé ìyá rẹ̀?"

Ó gbé omi náà síwájú Bàbá Akínbọ̀dé.

"Ọmọ Olókùúta ni. Ti ẹ̀jẹ̀. Kí n wo ẹni tí yóò lé e."

Bàbá Akínbọ̀dé jókòó nígbà náà. Ó gba omi, ó mu ún tán, ó sì wo Ṣèyílọ́lá tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó wí, "ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Mo ti dàgbà."